Ìyá Ìbejì Gba Ìsinmi

Lọ́jọ́ tí máníjà fi ẹlòmíì ṣe olórí ilé ìfọṣọ, Ìyá Ìbejì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣíwájú. Ọkàn rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì náà jọ sínú gbọ̀ngàn ìjẹun kí àwọn àlejò tó sọ̀kalẹ̀ wá jẹun àárọ̀, máníjà sì dúró níwájú wọn pẹ̀lú táì pupa lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ pín ẹ̀bùn.

"Láti òní lọ," ó ní, "Adúmáradán ni olórí ilé ìfọṣọ wa."

Adúmáradán ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nítorí bí ara rẹ̀ ṣe dúdú tó sì ń dán. Abẹ́ ọwọ́ Ìyá Ìbejì ló ti kọ́ṣẹ́. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya aṣọ funfun sọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ń yọ àbàwọ́n wáìnì kó tó gbẹ, àti bí wọ́n ṣe ń ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì onírọ́bà, tó máa ń bá èèyàn jìjàkadì bí ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀. Kò sí ìkà nínú ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀, ojú ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kọ́kọ́ wò, bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì.

"Ìyá Ìbejì wa náà rèé," máníjà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó nawọ́ sí i. "Òpómúléró wa. Àwọn ni wọn yóò máa tọ́ Adúmáradán sọ́nà. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún wọn."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ọkùnrin tó ń ṣe olórí àwọn tó ń gba àlejò lálejò, ilé ìfọṣọ ló ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìbejì ló là á lójú. Obìnrin tó ń darí àwọn tó ń tún yàrá ṣe, òun náà ló kọ́ ọ. Bí ẹni tuntun bá ti dé, wọn á ní kó lọ sí ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì. Bí ẹni náà bá sì ti gbọ́n tán, wọn á gbé e lọ sókè. Ìyá Ìbejì wá di àkàbà: gbogbo ayé ń gùn ún, òun nìkan ni kì í gòkè.

Ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà parí láìbá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tó ṣíwọ́, kò yà sílé, ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ló gbà lọ. Onígbàjámọ̀ ni Bàbá Ìbejì. Àga méjì àti dígí ńlá kan ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ àdúgbò tí kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ó ń fá orí bàbá arúgbó kan tó ti sùn lọ, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, tó jókòó sórí àga kejì, tó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Kí ni o ní wọ́n pè ọ́?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Òpómúléró."

Bàbá Ìbejì pa kílípà ọwọ́ rẹ̀. "Òpó kì í rìn, Ìyá Ìbejì. Ẹni tó bá ń pe èèyàn ní òpó, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má mira ni, kí òrùlé má baà já lé òun lórí."

Bàbá tó wà lórí àga kò lajú, ṣùgbọ́n ó ní, "Òdodo ọ̀rọ̀."

"Mo rò pé ẹ ti sùn ni, bàbá," Ìyá Ìbejì wí.

"Ta ló lè sùn sírú ọ̀rọ̀ yìí? Ìwọ, fá a lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ṣì kù."

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín láìfẹ́. "Èmi rò pé bí mo bá ṣáà ń ṣiṣẹ́ mi dáadáa, wọ́n á rí mi."

"Wọ́n rí ọ. Ẹni tó ní ewúrẹ́ tó ń bímọ dáadáa, ṣé ó máa ń tú okùn ọrùn rẹ̀ ni? Ṣé o tilẹ̀ ti sọ fún ọkùnrin náà rí pé o fẹ́ ipò yẹn?"

Kò sọ ọ́ rí.

"Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé," ọkọ rẹ̀ wí, ó sì tan kílípà padà.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìbejì bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi omi ra ojú, ó gòkè lọ sí ọ́fíìsì máníjà. Yàrá náà tutù bí inú fíríìjì. Òdòdó oníke kan wà lórí tábìlì, eruku ti bò ó.

"Òpómúléró, ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan, sà. Kí ló dé tí ẹ kò fi fi mí ṣe olórí ilé ìfọṣọ?"

Ọkùnrin náà kò retí rẹ̀. Ó yí bírò ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí mo bá gbé yín kúrò níbi tí ẹ wà, ta ni yóò máa ṣe ohun tí ẹ ń ṣe? Ẹ wúlò jù níbẹ̀."

"Ṣé nítorí pé mo wúlò ni mo ṣe gbọ́dọ̀ wà lójú kan?"

"Ẹ má sọ ọ́ báyẹn. Kò sẹ́ni tí kò mọ rírì yín. Èmi fúnra mi, ojoojúmọ́ ni mò ń yìn yín."

"Ẹ ń yìn mí lóòótọ́, sà, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò bi mí rí bóyá ìyìn ni mo fẹ́."

Ó dúró kó bi í. Máníjà kò bi í. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló wò.

Obìnrin náà ti di ìbínú rù látilé, àní ó ti to ọ̀rọ̀ kan tó le sẹ́nu. Àmọ́ bó ṣe rí i tí ọkùnrin náà ń wo aago, ìbínú náà rọlẹ̀ bí ìfófòó ọṣẹ, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ó rí i pé ọkùnrin yìí kò kórìíra òun. Kò rí òun ni.

"Ó yé mi, sà," ó ní. "Adúmáradán mọ iṣẹ́ náà, kò nílò ẹni tó máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Èmi fẹ́ gba ìsinmi mi. Mi ò gbà á pé rí látọjọ́ tí mo ti dé ibí."

"Ìsinmi nìkan?" Máníjà buwọ́ lùwé kíákíá, bí ẹni tí ẹkùn gba fìlà rẹ̀ tó sì fi orí sílẹ̀ fún un.

Ká má purọ́, Ìyá Ìbejì ní ohun tó wà níkùn rẹ̀ tó fi gba ìsinmi yẹn. Ó dá a lójú pé ọ̀sẹ̀ kan ò ní parí kí wọ́n tó ké gbàjarè wá bá òun. Ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ó gbé e lọ sí ilé ìdáná, ó gbé e lọ sí balùwẹ̀. Ó ń fọkàn yàwòrán omi ọṣẹ tó ń ṣàn gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀, tí máníjà sì ń fi táì pupa nu ilẹ̀. Fóònù kò dún. Ìgbà tó máa dún, àwọn ìbejì ló ń pè láti ilé ìwé, wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Adúmáradán ra ọsàn, ó wá kí i.

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá yẹn ńkọ́?" Ìyá Ìbejì bi í kí ọmọ náà tó jókòó dáadáa.

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà. Bó bá ti ń mì, mo ń dín ẹrù inú rẹ̀ kù, bí ẹ ṣe kọ́ mi."

"Àwọn tówẹ̀lì?"

"Wọ́n rọ̀ bí òwú, mà. Mi ò da ọṣẹ púpọ̀ sí i, bí ẹ ṣe kọ́ mi."

"Máníjà kò béèrè mi?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Wọ́n béèrè yín, mà. Wọ́n ní ṣé ẹ ń gbádùn ìsinmi yín."

Ó dùn ún bí ata ojú. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn tí kò jẹ. Ṣé bí òun ṣe fúyẹ́ tó nìyẹn? Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òun sì kúrò níbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fa ọwọ́ yọ nínú omi, kò tilẹ̀ sí ojú ihò.

Ó bó ọsàn kejì kí ọ̀rọ̀ náà tó yíjú padà sí i. Bí ẹ ṣe kọ́ mi. Kò sí ìdáhùn kan tí ọmọ náà fún un tí kò fi gbólóhùn yẹn tì í. Òtẹ́ẹ̀lì náà kò dàrú torí pé ẹni tí òun kọ́ kò jẹ́ kó dàrú. Ohun tí òun ń retí pé kó wó, òun fúnra òun ló mọ ọ́n lọ́nà tí kò fi ní wó. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun nìkan, títí ọkọ rẹ̀ fi yọjú láti inú ilé pé ṣé kò sí o.

"Kò sí nǹkan," ó ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mò ń tà ni."

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan fẹ́ dá ilé ìfọṣọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Ìbejì wọ bàtà tó le jù nínú bàtà rẹ̀, ó gba ibẹ̀ lọ. Mẹ́tírọ́ọ̀nù tó gbà á lálejò jẹ́ obìnrin sísanra kan tó fi ṣéènì kọ́ gíláàsì ojú mọ́ ọrùn. Yàrá tí wọ́n dúró sí ń rùn fún ọ̀dà, wọn kò tíì tú àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ kúrò nínú ọ̀rá.

"Ta ló rán yín wá?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, mà. Mo gbọ́ pé ẹ ń wá olórí."

"Ẹ mọ aṣọ fọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n fọ̀, mà, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo gbé wá. Ẹ kó àwọn tí kò fọ̀ ju ìbọ̀sẹ̀ ara wọn lọ rí fún mi. Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ẹ ó sùn, ẹ ó sì hanrun."

Mẹ́tírọ́ọ̀nù wò ó látòkè gíláàsì. "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?"

"Ẹ pe máníjà òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà wọn rèé. Mo gba ìsinmi ni. Ẹ bi wọ́n bóyá nǹkan kan bàjẹ́ látìgbà tí mo ti kúrò."

"Àwọn tó ń wáṣẹ́ máa ń sọ fún mi pé ibi tí wọ́n ti kúrò ti tú."

"Bó bá tú, mà, á jẹ́ pé mi ò ṣiṣẹ́ mi dáadáa."

Mẹ́tírọ́ọ̀nù gbé fóònù níbẹ̀. Ìyá Ìbejì ń gbọ́ ohùn máníjà tín-ín-rín láti inú rẹ̀: òpómúléró ni wọ́n, kò sí irú wọn, bí kò bá sí wọn, a ti tú ká.

"Ṣé ẹ ti tú ká báyìí, sà?" Mẹ́tírọ́ọ̀nù bi í.

"Rárá o," ni ohùn náà wí. "Nǹkan ń lọ dáadáa."

"Ẹ ṣeun. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn." Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, máníjà ti dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ìbejì. Ó jókòó sórí àga bí ẹni tó wá gẹrun, Bàbá Ìbejì sì so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ni ọkùnrin náà bá ń tinú dígí bá Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀.

"Ẹ padà wá. Màá fi yín ṣe olórí."

"Adúmáradán ńkọ́?"

"A ó wá nǹkan ṣe sí i."

"Rárá, sà. Mi ò ní jókòó sórí àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọmọ mi kúrò lórí rẹ̀."

"Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?"

Ó rò ó wò kó tó dáhùn. "Mo bínú. Ó ti tán nílẹ̀."

"Mo rò pé ẹ mọ bí ẹ ṣe níyì tó lọ́kàn mi."

"Iyì tó wà nínú ọkàn, sà, ta ló máa rí i?"

Ọkùnrin náà gbórí wálẹ̀ díẹ̀. "Mo ṣe àṣìṣe," ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyá Ìbejì gbọ́ ọ, ó sì dùn mọ́ ọn nínú ju gbogbo àtẹ́wọ́ gbọ̀ngàn ìjẹun lọ, ṣùgbọ́n kò yí ìpinnu rẹ̀ padà.

"Sà," Bàbá Ìbejì dá sí i, "ṣé kí n gé e ni, àbí ọ̀rọ̀ nìkan lẹ bá wá?"

"Ẹ gé e."

Ó bá a gé e dáadáa. Kò fi ọ̀ràn ìyàwó rẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́.

Ní ilé ìwòsàn náà, àwọn tí wọ́n kó fún Ìyá Ìbejì kò mọ nǹkan kan lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fọṣọ, ọkùnrin kan tó ti fìgbà kan rí ṣe iṣẹ́ ọdẹ gbàgbé gèlè pupa kan sáàárín àwọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, gbogbo rẹ̀ sì jáde ní pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọkùnrin náà ń làágùn. Àwọn yòókù fà sẹ́yìn, wọ́n ń dúró de ariwo.

Ìyá Ìbejì na ọ̀kan sókè síbi fèrèsé, ó wò ó tẹ̀yìn tiwájú. "Kò burú láwọ̀," ó ní. "Ta ló lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa?"

Obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn pátápátá rọra nawọ́ sókè.

"Wá síwájú," Ìyá Ìbejì wí. Ó sún kúrò nídìí ẹ̀rọ náà, ó sì fún un láyè.