Omi Kì í Rin Ọmọ Onílẹ̀

Ọjọ́ tí òkun wọ́ ilé Jọọlá lọ tòun ti ìkòkò àti ẹní, kò sẹ́ni tó rí nǹkan sọ ju "pẹ̀lẹ́" lọ. Ìjọba ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Wọn kò wá. Jọọlá, ọkọ rẹ̀ Ọlọ́rundáre àti Promise ọmọ wọn wá ń sùn lọ́dọ̀ Beauty, obìnrin ará Arógbò tí ọkọ gbé wá sí abúlé wa, tí òun àti Jọọlá jọ máa ń yan ẹja.

Ìgbà yẹn ni Olówòkéré, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, gun orí àgbá epo.

"Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi yín! Òkun ò bá yín jà. Àwọn àjèjì àárín yín ló ń wá kiri!"

Jọọlá bú sẹ́kún. Látìgbà tí ilé ti lọ, kò sẹ́ni tó pè é lọ́mọ ohunkóhun.

Lọ́jọ́ Sátidé, Olówòkéré kó gbogbo wa lọ sétí omi. Ó ní omi kì í rin ọmọ onílẹ̀: ká bẹ́ sómi, ẹni tó bá jáde ní gbígbẹ, tiwa ni. A bẹ́ sómi. Nígbà tá a jáde, omi ń ro tótó lára wa bí òrùlé lẹ́yìn òjò.

"Bàbá, ṣé ẹ gbẹ?" ni Olówòkéré bi Baálẹ̀.

"Mo gbẹ!" ni Baálẹ̀ wí, ó ń fún ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀.

"Jọọlá ńkọ́?"

"Táútáú!"

La bá dì mọ́ ọn, à ń yọ̀. Ó kan Beauty. Ó wo ìró rẹ̀, ó wo àwa náà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rin. Gbogbo wa la rin."

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ!" ni Olówòkéré kígbe. A di ẹrù Beauty sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú Zion Pepe. Inú ọkọ̀ ló ti pe Jọọlá: "Ìyá Promise, ẹja wà lórí iná o. Ẹ bá mi yí i."

Jọọlá kò lè gbójú sókè.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ sá aṣọ. Ta ní ń sá aṣọ gbígbẹ? A wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ikọ́ kò sì jẹ́ ká kọrin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òkun gbé àgbá Olówòkéré àti ìdajì afárá pákó wa lọ. Olówòkéré wá dìde dúró nínú ọkọ̀ kan.

"Àwọn kan ń sá aṣọ ní kọ̀rọ̀ nínú yín!"

A pàtẹ́wọ́. Ti Jọọlá ló le jù, bẹ́ẹ̀ eyín rẹ̀ ń lu ara wọn fún òtútù. Ọlọ́rundáre fà á lọ́wọ́.

"Ibà ti mú ọ. Kí lò ń pàtẹ́wọ́ sí?"

"Bàbá Promise, ẹ fi mí sílẹ̀. Bí gbogbo wa bá ń pariwo, mi ò ní gbọ́ ohùn òkun."

Ọlọ́rundáre gbé ọmọ sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó dúró de Jọọlá títí oòrùn fi mú. Kò wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ lọ sí Zion Pepe. Promise ń juwọ́ sí ìyá rẹ̀. Jọọlá náà juwọ́ sí i, ó sì ń pariwo lọ.