Ọ̀pá Mẹ́ta Tó Kù

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, pátákó ìkọ̀wé ló sọ ọ́ fún mi. Mo jókòó sí kíláàsì wa àtijọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, èmi nìkan, orókún mi kò sì gba abẹ́ tábìlì mọ́. Pátákó náà wúkọ́, eruku ṣọ́ọ̀kì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ìyádùnní, Fọlárìn ẹ̀gbọ́n rẹ kú sí òdìkejì ọ̀sà, níbi tó ti lọ wọnlẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀sà ti wọ inú kíláàsì. Omi náà mọ́, kò sì ru. Bọ̀dá Fọlárìn dúró ní òdìkejì, lẹ́bàá fèrèsé, pẹ̀lú bàtà rọ́bà tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n di okùn kan mú tí òjé wà lẹ́nu rẹ̀. Okùn yẹn ni wọ́n máa ń fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa láràárọ̀ láti wò ó bóyá ògiri ti tẹ̀. Wọn á dúró títí òjé yóò fi ṣíwọ́ mímì, wọn á wá kígbe pé, "Màmá, ilé ò tíì tẹ̀ o. Ẹ gbé ẹ̀kọ wá." Nínú kíláàsì yìí, òjé náà ń mì, kò ṣíwọ́.

Màmá wa jókòó sórí àpótí ní igun yàrá, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Láti ọwọ́ òsì wọn, ọ̀nà kan wá bá mi. A kọ ọ́ sára rẹ̀ pé gígùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá márùn-ún. Láti ọwọ́ ọ̀tún wọn, ọ̀nà kejì lọ bá Bọ̀dá. Ọ̀pá mẹ́jọ ni ìyẹn. Láàárín èmi àti Bọ̀dá kò sí ọ̀nà. Omi ni.

Pátákó ní, "Bí o bá mọ bí ẹ ṣe jìnnà síra tó, ìlà ṣọ́ọ̀kì yóò lọ bá Fọlárìn, òun yóò sì gba orí ìlà náà wálé. Bí agogo bá lù kí o tó mọ̀ ọ́n, dọ́sítà yóò pa gbogbo wa rẹ́." Dọ́sítà jókòó létí pátákó, ó ń na apá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Márùn-ún lọ́nà márùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mo pa wọ́n pọ̀, ó di mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, mo wá iye tó lè lọ́po ara rẹ̀ kó di èyí. Ó lé díẹ̀ ní mẹ́sàn-án. Mo kígbe rẹ̀ jáde. Ìlà funfun kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó sáré lórí omi, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀dá, ó gba ojú fèrèsé jáde lọ sínú oko ẹ̀gẹ́.

Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyádùnní elẹ́fun! Ṣé gbogbo igun ni igun pátákó lójú tìẹ ni?"

"Bọ̀dá, omi ti dé orókún mi."

"Wo ọwọ́ Màmá. Ṣé wọ́n là á tó ìyẹn?"

Mo wò ó. Wọn kò là á tó igun pátákó; ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni. Bí ọ̀nà méjì bá ṣe igun pátákó, ẹnìkínní kò kọjú síbi tí ẹnìkejì kọjú sí rárá, àròpọ̀ nìkan ti tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń kọjú sí ibì kan náà, àwọn tó wà lẹ́nu wọn ti ń súnmọ́ra nìyẹn, a sì gbọ́dọ̀ yọ ìsúnmọ́ra yẹn kúrò. Kósáìnì, iye tí ìṣirò fún igun kọ̀ọ̀kan, ló ń sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ní tiwa, ìdajì ni. Márùn-ún lọ́nà mẹ́jọ, ogójì. Ìlọ́po méjì rẹ̀, ọgọ́rin. Ìdajì ọgọ́rin, ogójì. Mo yọ ọ́ nínú mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ó ku mọ́kàndínláàádọ́ta.

"Méje!" ni mo wí. Gbogbo ìgbà tí Bọ̀dá fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nídìí àtùpà, kò yé mi. Inú omi ló ti yé mi.

Ìlà náà dúró gẹ́lẹ́ síwájú bàtà Bọ̀dá. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀kì ibẹ̀ sì yòrò lábẹ́ bàtà wọn. Wọ́n fà sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ó jìnnà jù." Omi ti dé ìbàdí mi. Dọ́sítà ti dìde dúró.

"Màmá, ẹ pa ọwọ́ yín dé!"

"Ó ń dùn mí, ọmọ mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa á dé. Ògiri ń sún bọ̀, Bọ̀dá ń bọ̀ pẹ̀lú fèrèsé wọn. Méje di mẹ́fà, mẹ́fà di márùn-ún, ó sì ń dín sí i. Mo rí bọ́tìnì tó já lára ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Lẹ́yìn náà, Bọ̀dá dúró.

"Màmá, ẹ tún pa á dé sí i!"

"Ó ti pa dé, Ìyádùnní. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti kan ara wọn. Kò sí igun mọ́."

Mo tún un ṣírò. Kósáìnì ti di odindi ọ̀kan, nítorí náà mo yọ gbogbo ọgọ́rin. Ó ku mẹ́sàn-án. Ọ̀pá mẹ́ta. Mo ti rò pé bí igun bá tán, jíjìnnà náà yóò tán. Kò tán. Ọ̀nà Bọ̀dá gùn ju tèmi lọ, kò sì sí bí Màmá ṣe lè pàtẹ́lẹwọ́ pọ̀ tí mẹ́jọ yóò fi di márùn-ún. Ojú ọ̀nà kan náà ni àwa méjèèjì wà báyìí. Bọ̀dá kàn wà níwájú ni.

Mo di ìlà náà mú. Ó tutù bí ẹja. Mo fà á pẹ̀lú gbogbo agbára mi, Bọ̀dá sì ń súnmọ́ mi. Inú mi dùn. Nígbà náà ni mo wo ọ̀nà tèmi: márùn-ún tó wà lára rẹ̀ ti di mẹ́fà, ó ti ń di méje.

Màmá ké lẹ́yìn mi. "Ìyádùnní, kì í ṣe òun ló ń bọ̀, ìwọ ló ń lọ! Ìwọ nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́!"

Bọ̀dá wò mí. "Tú u sílẹ̀."

"Ọ̀pá kan péré ló kù, Bọ̀dá."

"Mo mọ̀. Tú u sílẹ̀, àbúrò mi. Lọ wò ó bóyá ilé ti tẹ̀."

Mo tú u sílẹ̀. Agogo lù.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni; mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́, Màmá ń ro ẹ̀kọ lẹ́yìnkùlé. Mo lọ sídìí ìṣó tí okùn Bọ̀dá rọ̀ sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, mo mú un, mo fi í kọ́ òkè ẹnu ọ̀nà. Òjé náà ń mì. Mo gbọ́ tí orógùn Màmá dákẹ́. Mo dúró níbẹ̀ títí òjé fi ṣíwọ́.

"Màmá," mo ní, "ilé ò tíì tẹ̀ o."

 Wọ́n gbé ẹ̀kọ wá.