Agbo Ìràwọ̀ Inú Fíìmù Láwùmí

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Láwùmí ti ń fi abẹ́ kékeré ha àbàwọ́n kúrò lára fíìmù nílé ìyafọ́tò kan ní Dùgbẹ̀. Ràfátù ò tíì pé ọdún kan níbẹ̀. Orúkọ Ràfátù wá ni Dókítà Olúgbádé, olùkọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ ní yunifásítì, ń pariwo káàkiri ilé!

Ní ọjọ́ tó ṣaájú, lọ́dún 1986 yìí, dókítà kó fíìmù méjì wá láti fọ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti yà wọ́n, ní òru ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibì kan náà lójú ọ̀run. Ràfátù gba ọ̀kan, Láwùmí gba èkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ràfátù fi àmì fẹ́ẹ́rẹ́ kan han dókítà: apá méjì ká mọ́ ọn, nǹkan bí igi dábùú àárín rẹ̀. Dókítà fò sókè. Ó ní agbo ìràwọ̀ ni, àìmọye ìràwọ̀ tó kóra jọ, ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà kí èèyàn tó dáyé, kò sì sí nínú ìwé kankan.

"Bí kò bá sí nínú fíìmù kejì, a jẹ́ pé ìdọ̀tí lásán ni," ó ní. "Màá padà wá lọ́sàn-án. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lókè òkun á fẹ́ mọ ẹni tó rí i."

Ràfátù! Àná òde yìí ni Láwùmí kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń di abẹ́ mú. Owú ni o. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé fíìmù tirẹ̀ síwájú iná. Àmì náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú igi rẹ̀. Ó mú abẹ́, ó ha á títí ibẹ̀ fi mọ́ tónítóní.

Lọ́sàn-án, dókítà wo fíìmù Láwùmí títí. "Kò sí," ó ní. Ó yọ lẹ́tà tó ti kọ sí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lápò, ó sì mú bírò. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Ti Láwùmí ló ṣaájú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lorúkọ tèmi ń ṣe níbẹ̀?"

"Ràfátù ló ní kí n fi tìẹ ṣaájú. Ó ní ìwọ lo kọ́ òun pé a kì í ha ohun tí a ò bá mọ̀ láì kọ́kọ́ bi ẹni tó ni fíìmù."

Ó fa ìlà pa orúkọ Láwùmí, ó fa ìlà pa ti Ràfátù tẹ̀ lé e, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ràfátù, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kúnlẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Mo ti fi ìdọ̀tí lásán dójú tì yín."

Láwùmí rọra ti abẹ́ rẹ̀ bọ àpò.