Bàbá Ọjọ́-Wo Níwájú Ìgbìmọ̀

Kò sí gbèsè owó orí tí Bàbá Ọjọ́-Wo ò lè gbà. Kì í pariwo, kì í halẹ̀ mọ́ni. Bí onígbèsè bá ní, "Láìpẹ́, sà," á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọjọ́ wo?" Bí ìyẹn bá tún ní, "Tó bá yá," á tún ní, "Ọjọ́ wo?" Ibẹ̀ lorúkọ ti mọ́ ọn lára. Ó tún ní òfin kan tó fi kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá dé ilé onígbèsè, ẹ ò gbọdọ̀ mu omi rẹ̀ títí á fi dárúkọ ọjọ́. Ó ní ọ̀fun tó bá ti mu omi onílé, ohùn rẹ̀ kì í le mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà, obìnrin kan báyìí, ti di aṣòfin. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí! Ta ni wọ́n wá ní kó fara hàn níwájú rẹ̀? Bàbá Ọjọ́-Wo, ọ̀gá ẹ̀ka tó ń gba gbèsè owó orí. Owó gọbọi ni ẹ̀ka náà fi ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ní á máa tú àwọn onígbèsè jáde níbi tí wọ́n bá sá sí, kò sì sẹ́ni tó rí ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé náà, ìyàwó Bàbá tẹ aṣòfin láago. Màmá yìí ló ń bọ́ ọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí owó oṣù kì í débì kan.

"Ọmọ mi, ìparí oṣù yìí ni bàbá ẹ ń fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti ń múra ayẹyẹ ìdágbére. Jọ̀ọ́, má dójú tì í."

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ tẹnu wọn ná, mà."

Màmá gbé fóònù sílẹ̀. Ká má parọ́, aṣòfin fẹ́ràn Bàbá yẹn bí ẹni tó bí i lọ́mọ.

Ó bá Bàbá lórí bẹ́ǹṣì níta gbọ̀ngàn ìpàdé, tó ki fílásìkì bọ àárín ẹsẹ̀.

"Ọmọ mi! O mà ti rù o. Ṣé ẹ̀yin aṣòfin kì í jẹun ni? Gba tíì, màmá ẹ ló pò ó."

Aṣòfin nawọ́, ló bá tún fà á padà.

"Ẹ má bínú, sà. Ó di ẹ̀yìn ìpàdé."

Bàbá wò ó, ẹ̀rín pa á títí tó fi ń wúkọ́. "Háà! Èmi lo ń ṣèyẹn sí?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi, sà."

Bàbá dé fílásìkì pa. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jókòó, ọmọ ìgbìmọ̀ kan bi í bóyá ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́.

"Ètò ń lọ lọ́wọ́," ni Bàbá wí. "Láìpẹ́, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mi orí pé ó ti tó. Ebi ti ń pa wọ́n, jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bí alága bá ti lu òòlù báyìí, ọ̀rọ̀ bùṣe, Bàbá á sì ṣayẹyẹ ẹ̀. Ó gbé òòlù náà sókè. Ó wá rántí ọjọ́ tó sunkún lẹ́nu géètì onígbèsè kan tó ti ń fi láìpẹ́ tàn án jẹ, àti ohun tí Bàbá sọ fún un: "Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n jẹ lówó. Ọsibítù tí òrùlé ẹ̀ ń jò ni."

Ó rọra gbé òòlù sílẹ̀.

"Ọjọ́ wo, sà?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ Bàbá tó wà lẹ́yìn dorí kodò.

"Láìpẹ́ náà ni, alága."

"Ẹ forí jì mí, sà. Ọjọ́ wo?" Omi ti lé sójú alága.

Bàbá bọ́ awò ojú.

"Kò sọ́jọ́," ló wí. "Ẹ̀rọ yẹn ò ṣiṣẹ́, kò sì ní ṣiṣẹ́. Wọn ò tíì dán an wò tí mo fi buwọ́ lù ú pé kí wọ́n sanwó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kìlọ̀ fún mi, mo kọ etí ikún. Ẹsẹ̀ la ṣì fi ń rìn kiri gba gbèsè. Mo kàn fẹ́ fẹ̀yìn tì kó tó tú síta ni."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ọ́, ayẹyẹ ti fò lọ. Alága lu òòlù, ó sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó jáde, Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì níbi tó ti bá a láàárọ̀. Bàbá ṣí fílásìkì, ó da tíì sínú ìdérí.

"Gbà, mu ún. Onígbèsè ti sọ̀rọ̀."

Tíì ti tutù, ṣúgà sì pọ̀ jù, bí Màmá ṣe máa ń ṣe é. Aṣòfin mu ún tán.

"Màmá á bínú sí mi."

"Á bínú dáadáa! Wá bẹ̀ ẹ́."

"Màá wá láìpẹ́, sà."

Bàbá kàn ń wò ó.

"Ọjọ́ Àìkú, sà," ló yára wí.