Aró Mẹ́sàn-án Láàárín Funfun

Ní ilé ìhun kápẹ́ẹ̀tì tiwa, ẹnu la fi ń ya òdòdó. Ọwọ́ kàn ń tẹ̀ lé ẹnu ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń mú ìwé gbọọrọ tí àmì kún inú rẹ̀ dání, òun là ń pè ní olùpè. Àwa ahunṣọ á jókòó lórí pákó níwájú òfì, a ó kọ ẹ̀yìn sí i, òun á sì máa ka àmì náà bí ẹni ń kọrin: “Pupa mẹ́ta, funfun kan, aró méjì, ẹ gbà á o!” A ó ta kókó òwú pupa mẹ́ta, funfun kan, aró méjì, a ó sì jọ dáhùn pé, “Ó ti wọlé, Bàbá!” Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe é láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, oṣù lórí oṣù, títí odidi ọgbà òdòdó á fi hù lójú òfì.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa: ẹnikẹ́ni kì í já olùpè nírọ́. Bó bá pe pupa, pupa ni. Ahunṣọ tó bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” dà bí èrò ọkọ̀ tó dìde láàárín odò, tó ń bi atukọ̀ bóyá ó mọ ọ̀nà.

Ọdún méjìdínlógójì ni Bàbá Samad fi pe ìlà ní abúlé wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni èmi Posha nígbà tí mo kọ́kọ́ gun pákó yẹn, òun ló sì di ọwọ́ mi mú, tó fi kọ́ mi bí a ṣe ń ta kókó tí kò ní tú. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwa mẹ́ta la wà lórí pákó. Èmi wà ní apá òsì. Mahtab wà láàárín, obìnrin tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ramzan wà ní apá ọ̀tún, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi bó bá ń jẹun, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í sinmi nígbà tó bá ń jẹun.

Ìgbà tí wọ́n ń ká ápù ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá fo ìlà kan nínú ìwé. Kò mọ̀. Àwa mọ̀, nítorí òdòdó tó ń hù bọ̀ níwájú wa kàn pàdánù apá kan lójijì, bí ẹyẹ tí wọ́n já lápá. Mo wo Mahtab, Mahtab wo Ramzan. A ta kókó wa. “Ó ti wọlé, Bàbá!”

Nígbà tí a ń padà sílé, Mahtab dúró lẹ́bàá odò.

“Ṣé ẹ̀yin náà rí i?”

“Mo rí i,” Ramzan ní. “Òdòdó yẹn ti yarọ. Ó kù ká bá a wá ọ̀pá.”

“Má fi ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ẹkún ni mo fẹ́ sun, ẹ̀rín ló jáde.”

Mo ní, “Ṣé ká sọ fún Bàbá ni?”

Mahtab yíjú sí mi. “Ìwọ lo máa sọ ọ́, Posha? Ìwọ gan-an?”

Ta ni yóò wo ojú baba tó kọ́ ọ níṣẹ́, kí ó sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n mọ́?

“Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ńṣe là á fi tọmọ jẹ́ ẹ,” ni Mahtab wí. “Lẹ́yìn àsùbá ọ̀la, kí Bàbá tó dé, ẹ bá mi níbẹ̀.”

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a fi ìkọ́ àti ọ̀bẹ tú ìlà tó ṣìnà, Mahtab sì mú ìwé Bàbá lórí fèrèsé, ó ń kà á fún wa, a tún un ta. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìwé yẹn. Àwọn obìnrin kì í kọ́ ọ rárá. Ọdún méjìlá ló ti ń fi ojú jí i kọ́, nígbàkigbà tí Bàbá bá gbé ìwé sílẹ̀ láti mu tíì. Orin Bàbá náà ló fi ń pè é, kódà níbi tí Bàbá ti máa ń wúkọ́, òun náà á wúkọ́. Ó rò pé ara orin ni.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó ti di ojoojúmọ́. Ohun tí a hun lánàá, ìdajì rẹ̀ la ó tú láàárọ̀. Ní ọjọ́ kan, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ wá wò wá, ó ní kí ló dé tí kápẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó ti dé ìbàdí ṣì wà ní orúnkún. Ojú ti Bàbá gidigidi. Bí ọkùnrin yẹn ṣe jáde, ó dojú kọ wá.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọwọ́ yín ti di ìgbín! Ṣé oorun lẹ ń sùn lórí pákó mi?”

“Ẹ má bínú, Bàbá,” Ramzan ní. “Òtútù ni.”

“Òtútù! Láyé tiwa, ooru ló ń mú? Ẹ ò ní dójú tì mí kí n tó kú o!”

A doríkodò. Mo rí i tí Mahtab fi eyín di ètè rẹ̀ mú. Ká ní ó ṣí ẹnu rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ ì bá tú jáde.

Nílé, Màmá Khatij, ìyàwó Bàbá, ti ń kíyè sí ọkọ rẹ̀. Bàbá ti fi iyọ̀ sínú tíì lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan. Ó ti fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ìyàwó rẹ̀. Màmá fipá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú nílùú. Dókítà tan iná sí ojú rẹ̀, ó ní ojú yìí ṣì máa ṣiṣẹ́ tó ogún ọdún sí i. Bàbá gbé àgbọ̀n sókè bọ̀ wálé bí ọkọ ìyàwó. Màmá Khatij kò bá a yọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun ti ń gbàdúrà, pé, Ọlọ́run, jẹ́ kó jẹ́ ojú ni.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, ìmáàmù wa rìnrìn àjò, kò sí wáàsí lẹ́yìn àsùbá. Bàbá kò rí ìdí tí òun fi ní láti padà sílé, ló bá gbọ̀nà ibi iṣẹ́. Yìnyín tó bọ́ mu ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, a kò gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń pe ìlà nínú ilé. Ohùn obìnrin, orin tirẹ̀. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé inú bí òun débi pé òun gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Ó ní, àwọn tí mo bọ́ yó ń jí àwọ̀n mi dẹ odò! Àfi bí Mahtab ṣe sọ̀rọ̀.

“Ibí yìí, pupa mẹ́rin ni Bàbá pè lánàá. Ìyeyè mẹ́rin ló wà nínú ìwé. Ẹ rọra tú u.”

Ramzan ní, “Mahtab, ìka mi ti dákú. Tí Bàbá bá tún pè wá ní ìgbín lónìí ńkọ́?”

“Kí lo máa dáhùn?”

“Kí ni mo lè dáhùn ju pé, Bàbá, ìgbín ni wá?”

A rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó padà sẹ́yìn nínú yìnyín, ó rìn títí dé etí odò, ó dúró síbẹ̀ tòun ti ìkòkò ẹyinná kékeré tí a fi ń yáná lábẹ́ ẹ̀wù nígbà òtútù. Nígbà tó di àkókò tó máa ń dé, ó dé.

A kí i. Ó jókòó, ó ní Bísímílà, ó mú ìwé. Ìlà mẹ́ta ló pè láìṣìnà. Ó wá pe ìkẹrin, ohùn rẹ̀ já gaara:

“Funfun mẹ́ta, aró mẹ́sàn-án, ẹ gbà á o!”

Ọ̀dọ̀ mi nìyẹn bọ́ sí, etí kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti funfun láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ pé aró kì í débẹ̀. Síbẹ̀, mo mú òwú aró, mo ta á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

“Ó ti wọlé, Bàbá!”

“Ẹ tún un wò.”

“A ti wò ó, Bàbá.”

“Ṣé ó tọ́?”

“Ó tọ́, Bàbá.”

“Ramzan, ìwọ ẹlẹ́nu. Ṣé ó tọ́?”

Ramzan ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Bí ẹ bá ti pè é, Bàbá, ó tọ́.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Aró mẹ́sàn-án láàárín funfun! Kí nìyẹn, ẹja? Ta ló ju ẹja sínú ọgbà mi?”

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín tàbí ká má rẹ́rìn-ín. Bàbá fi etí aṣọ nu ojú.

“Mo wà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí.”

Òwú bọ́ lọ́wọ́ Mahtab.

“Láti ìgbà wo?” ni Bàbá bi wá.

“Láti ìgbà tí wọ́n ń ká ápù, Bàbá,” ni Mahtab wí. “Ẹ foríjì wá.”

“Èmi tí mo bú yín ni kẹ́ ẹ foríjì. Mo pè yín ní ìgbín, ẹ gbà pé ìgbín ni yín.” Ó ká ìwé gbọọrọ náà sórí itan, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. “Ẹ gbọ́. Àṣìṣe kò bà mí lẹ́rù. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin gan-an ń kọsẹ̀. Àmọ́ mo mọ̀ọ́mọ̀ pe ẹja, ẹ ta ẹja. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ wọnú odò, ẹ ó wọ̀ ọ́, nítorí ẹ fẹ́ràn mi. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn tó báyìí, tí kò sì mọ ìgbà tó bá ṣì í pè, kò gbọdọ̀ mú ìwé yìí dání mọ́.” Ó nà án. “Mahtab, gbà á.”

“Èmi kẹ̀, Bàbá? Kò sí olùpè obìnrin rí!”

“Ó wà. Lẹ́yìn àsùbá ló ń ṣiṣẹ́.”

Ramzan kò lè pa á mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Bàbá fi ìwé náà lé Mahtab lọ́wọ́, ó gun pákó, ó jókòó sáàyè Mahtab láàárín wa. Ó na ọwọ́ sí ọ̀dọ̀ mi, ó mú ìkọ́, ó sì fúnra rẹ̀ tú ẹja rẹ̀, ní kókó kọ̀ọ̀kan.

Mahtab dúró lẹ́yìn wa. Ó pe ìlà kan, a ta á. Ó pe èkejì: “Pupa kan, ìyeyè méje, ẹ gbà á o!”

“Ó ti wọlé!” ni èmi àti Ramzan dáhùn.

Bàbá kò ta nǹkan kan, ó fi ìka kan òdòdó tó wà níwájú rẹ̀. “Pè é padà,” ló wí.

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí nílé ìhun wa.

“Pè é padà, ìyá mi.”

Mahtab gbé ìwé súnmọ́ ojú. “Ìyeyè... Áà! Mẹ́fà ni, Bàbá. Ìyeyè mẹ́fà.”

“Ó ti wọlé,” ni Bàbá wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó wá wo èmi àti Ramzan. “Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe èébú. Kò sẹ́ni tó kú. Ó yá, ẹ̀yin náà, ẹ wí i kí n gbọ́.”

“Pè é padà,” la wí. Ahọ́n wa wúwo. Ó ní kí á tún un wí, a tún un wí, títí kò fi nira mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó dìde, ó gbọn èérún òwú kúrò lára ẹ̀wù. Kò dágbére gígùn fún wa. Ó kàn fi ọwọ́ kan orí wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì jáde.

Màmá Khatij gbọ́ tí ilẹ̀kùn kígbe ní àkókò tí kò kígbe rí láti ọdún méjìdínlógójì, ó sì sáré jáde.

“Kí ló ṣe yín? Ara yín ò yá?”

“Ara mi yá. Ebi ló ń pa mí.”

Ó wò ó títí. Kò bi í léèrè ohunkóhun, ìyàwó tó bá ti gbé pẹ̀lú ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ kì í bèèrè ohun tó ti mọ̀.

“Oúnjẹ ẹnì kan ni mo sè o,” ló ní. “Ta ló mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀?”

“Fún mi ní ìdajì.”

Ó bu ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ sínú àwo kan ṣoṣo, ó gbé e sáàárín wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Wọ́n ń jẹ, ó ń ti ẹ̀fọ́ sí apá ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ọkọ náà ń tì í padà.

“Ẹ jẹ ẹ́ jàre,” ló ní, “kó tó tutù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá máa wà nílé lọ́la, ẹ sọ fún mi nísinsìnyí, kí n mọ iye ìrẹsì tí mo máa ṣà.”

Bàbá Samad jẹ òkèlè tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán.

“Mo máa wà nílé,” ló wí. “Màá bá ọ ṣà á.”