Rímù Kan Tó Kọ Aró

Ẹ bá mi wò ó o. Rímù mẹ́rin ló wọnú ìkòkò kan náà, omi kan náà, aró dúdú kan náà. Mẹ́ta jáde, wọ́n dú bí kóró iṣin. Ìkẹrin funfun báláú.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń ṣe télọ̀, aṣọ tí mo sì ti rẹ láró kò lóǹkà. Aró kì í ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n rímù mẹ́rin tó jọ wá lára mọ́tò kan ṣoṣo ńkọ́? Ó rú mi lójú.

Mọ́tò ọ̀hún ò ju bàtà mi méjì lọ. Rìmóòtù ni mo fi ń darí ẹ̀. Gbogbo Sátidé ni èmi àti àwọn àgbààyà ẹgbẹ́ mi, bí ìyàwó mi ṣe ń pè wá, máa ń lọ fi tiwa sáré ní pápá. Rímù ẹ̀ tó jẹ́ ike funfun ló ti ń pọ́n bí eyín arúgbó, ni mo bá ní kí n rẹ ẹ́ dúdú. Mo se omi, mo da aró sí i, mo fi fínígà díẹ̀ lé e.

"Ẹ dá a padà sínú omi," ìyàwó mi wí. "Bóyá kò tíì jinná."

"Ṣé ẹran ni?"

Síbẹ̀ mo dá a padà. Mo se é fún ìdajì wákàtí. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi pépà gbẹ́nàgbẹ́nà ha á lára, mo tún se é. Aró ń yọ̀ kúrò lára ẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Mo jókòó sórí àpótí, mo fọwọ́ lẹ́rán, mo ń wò ó.

Ìgbà yẹn ló wá sí mi lọ́kàn pé ike yìí kì í ṣe irú ike àwọn tó kù. Ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ̀. Mo sì mọ ẹni náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin bàbá wa, lọ́dún méjì sẹ́yìn, àbúrò mi yá mọ́tò yìí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo ni. Nígbà tó dá a padà, mọ́tò ń fà sí òsì. Mo búra pé ó ti bà á jẹ́. Ó ní òun ò ba nǹkan kan jẹ́. Mo pè é ní òpùrọ́ lójú àwọn àna ẹ̀. Ó wò mí títí, ó wọ bàtà ẹ̀, ó lọ. Látọjọ́ náà a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń dùn mí, n ò ní purọ́. Àìmọye ìgbà ni mo ti fẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi sì kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ta ló yẹ kó bẹ ta ni?

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún," mo pariwo nínú ilé ìdáná, "ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a!"

"Ẹ rọra o," ìyàwó mi wí. "Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀."

"Kí n rọra kẹ̀? Ẹ̀rí rèé!"

Mo mú fóònù, mo ya rímù náà ní fọ́tò, kí n fi ránṣẹ́ sí i kójú lè tì í. Mo yí i padà kí n ya inú ẹ̀ náà. Ọwọ́ mi dúró.

Ẹnì kan ti fi abẹ́rẹ́ fín ilà méjì síbẹ̀, wọ́n dábùú ara wọn, ihò abẹ́rẹ́ kékeré kan sì wà lábẹ́ wọn. Àmì mi ni. Inú ìbàdí gbogbo ṣòkòtò tí mo bá rán ni mo ń fi í sí, kí oníbàárà kankan má gbé iṣẹ́ télọ̀ míì wá bá mi pé tèmi ni. Ohunkóhun tí mo bá tún ṣe nílé, àga, rédíò, ọwọ́ ìkòkò, mo ń fín in sí i.

Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún wò ó. Mo yẹ àwọn mẹ́ta tó kù wò. Kò sí nǹkan kan nínú wọn.

"Ta ló fín in?" mo bi ìyàwó mi. "Àbí àbúrò mi ló sín ọwọ́ mi jẹ ni?"

Ó fa àpótí míì, ó jókòó tì mí. "Olówó orí mi, ẹ̀yin ni."

"Èmi wo?"

"Ọjọ́ kejì tí Bàbá kú. Ẹ gbé mọ́tò yẹn síta láàárọ̀, ẹ fi kọ lu ògiri. Ẹ lọ ra rímù kan, ẹ jókòó síbí, ẹ sì dè é. Mo ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ò dáhùn."

"O mọ̀, o sì ń wò mí tí mo ń bá ọmọ ìyá mi jà?"

"Ẹ ní ó ba mọ́tò yín jẹ́. Ìgbà wo lẹ sọ pé rímù ni?"

Mo wá orí mi kiri. Mo rántí aṣọ tí mo rán fún Bàbá, mo rántí òwú tí mo fi rán an. Ògiri àti rímù, n ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí.

Mo pe àbúrò mi. Kò pẹ́ tó fi gbé e.

"Bọ̀ọ̀dá mi? Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Rímù mọ́tò yẹn," mo wí. "Àmì mi wà nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo rí i nígbà tí mo ń nù ún kí n tó gbé e wá fún yín."

"Kí ló wá dé tí o ò fi hàn mí? O ò bá dójú tì mí lójú gbogbo wọn!"

"Ẹ rántí bí àìsàn ìgbàgbé Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀? Á fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan, á tún búra pé ẹlòmíì ló ṣe é. Nígbà tí ẹ̀yin náà ń búra lọ́jọ́ yẹn, àyà mi já. Mo ní ó sàn kí n jẹ́ òpùrọ́ ju kí n fi àmì yẹn hàn yín lọ."

Mo fẹ́ bínú, n ò rí ẹni tí mo máa bínú sí. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó wá rọra bi mí léèrè, bí ẹni tó ti ń gbé ìbéèrè náà kiri láti ọdún méjì:

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ti ń gbàgbé nǹkan míì?"

Mo wo ìyàwó mi. Ó yí ojú kúrò.

"N ò mọ̀, àbúrò mi," mo wí. "Máa bọ̀."