Ẹyin Lórí Itan Kàsímù

Ẹ̀jìgbò ò tíì gbàgbé ẹyin tó fọ́ sí Kàsímù lára. Kéréètì kan ló gbé ka itan lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀, Sọ̀fíyátù, kọ́kọ́ dán ọkọ̀ ojú omi tó fi irin ṣe wò lórí omi dáàmù. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kúkú ní ẹ́ńjìnnì ńlá ni kó so mọ́ ọn. Mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ni. Lójú tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì kì í tóbi jù. Ìdí ọkọ̀ wúwo, imú rẹ̀ gbé sókè. Abẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo ìgbì ló ń gbá a lábàrá. Nígbà tí wọ́n fi gúnlẹ̀, ẹyin ti ń ṣàn lẹ́sẹ̀ bàbá.

"Tí ẹyin kan bá tún fọ́, géètì ni màá fi irin yìí ṣe," ló búra. "Aṣọ iṣẹ́ ni màá sì wọ̀ bọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹyin má ba aṣọ gidi jẹ́."

Ó dun Sọ̀fíyátù wọra. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ létí ọ̀sà ní Àbíjàn. Ta ló fẹ́ wá máa jó géètì? Jàmílàt tó ń sin adìẹ lódìkejì omi sì ti ń retí ọkọ̀ náà, nítorí ọ̀nà ọ̀kadà ti fọ́ ẹyin rẹ̀ púpọ̀. Sọ̀fíyátù gé abẹ́ ọkọ̀, ó tún un jó kó mú bí ẹnu àáké, ó wá so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́ ọn.

"Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń lọ ata lèyí!" ni Kàsímù wí.

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."



Láàárọ̀ Jímọ̀, afẹ́fẹ́ ń ru omi. Kàsímù wọnú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó kún fún gíríìsì, ó gbé ẹyin ka itan, ó dijú. Sọ̀fíyátù fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ìgbì àkọ́kọ́ dé, imú ọkọ̀ là á bí ọ̀bẹ ṣe ń la ọṣẹ dúdú. Ìkejì dé. Ìkẹta dé. Ọkọ̀ ò fò, ìgbì ò sì gbá a lábàrá mọ́. Inú Sọ̀fíyátù dùn débi pé Faransé ló fi pariwo: "Fuàlá! Òun nìyẹn!"

Kàsímù la ojú kan, ó la ìkejì.

"Sọ̀fí, tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi!"

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Kàsímù ka ẹyin: ọgbọ̀n ló pé. Ó gun ọ̀kadà lọ sílé. Sọ̀fíyátù dúró létí omi, kò mọ̀ bóyá inú ń bí bàbá.

Nígbà tó padà dé, jalabíà funfun tó fi ń kírun Jímọ̀ ló wọ̀, aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó wọnú ọkọ̀, ó sì gbé ẹyin ka itan.

"Òdìkejì ni màá ti kírun lónìí," ó ní. "Máa wà á lọ."